Tẹ̀tẹ̀ Kì í Tẹ́: Iṣẹ́ tí Ẹ̀fọ́ Ń Ṣe Lára Eléré Ìdárayá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ a máa tọ́ka sí ìfọ̀rọ̀dárà tí ó wà láàárín 'tẹ̀tẹ̀' àti 'tẹ́', a ó sì dúró síbẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ohun tí ó wà nínú ewé náà gan-an ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Náítíréètì ni èròjà tí mo ń sọ. Inú ilẹ̀ ni irúgbìn ti ń fà á. Ó pọ̀ nínú tẹ̀tẹ̀, ó sì pọ̀ nínú bíítírúùtù, gbòǹgbò pupa kan tí àwọn Òyìnbó máa ń jẹ. Bí a bá jẹ ẹ́, yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, ara yóò sì dá díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sínú itọ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé orí ahọ́n ni yóò sọ ọ́ di náítíráìtì. Bí a bá gbé itọ́ yìí mì, ara yóò sọ ọ́ di náítíríìkì ọ́sáìdì, èyí tí ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀.

Ní 2009, àwọn olùwádìí Yunifásítì Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọkùnrin 8 ní omi bíítírúùtù, ìlàjì lítà lójúmọ́, fún ọjọ́ 6. Nígbà tí wọ́n wa kẹ̀kẹ́ kíkankíkan, wọ́n fi nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 pẹ́ ju ìgbà tí wọ́n mu omi èso mìíràn lọ kí ó tó rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn ajẹ́bíidán o. Lára àwọn ògbóǹtarìgì eléré, ìrànwọ́ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́. Èkíní, ẹni tí ó bá ń fi omi oògùn apakòkòrò fọ ẹnu ń lé àwọn òṣìṣẹ́ orí ahọ́n rẹ̀ lọ. Náítíréètì tí ó jẹ kò ní í lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Èkejì, bí a bá bọ ẹ̀fọ́, tí a fún un, tí a sì da omi rẹ̀ nù, púpọ̀ nínú èròjà yìí ti bá omi lọ.

Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ra ìyẹ̀fun inú agolo nítorí ìdíje. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó fi ebi pa ara yín nítorí agolo, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ìsọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́.