Ẹ̀jẹ̀ Ríru Nínú Oyún: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí Mọ̀

Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára àwọn ohun tí ó ń ṣekú pa aláboyún jù lọ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Oògùn tí ó lè dènà irú ikú bẹ́ẹ̀ wà, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé, nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí ni ó máa ń kọ́kọ́ rí aláboyún, kì í ṣe dókítà. Ìdí nìyí tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn fi ṣe pàtàkì.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni bí a ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí aláboyún kọ́kọ́ jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó fẹ̀yìn ti àga, kí a sì gbé apá rẹ̀ lé orí tábìlì. Bí aṣọ ẹ̀rọ náà bá kéré jù fún apá rẹ̀, iye tí yóò fi hàn yóò ga ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó bá dé 140 lórí 90, ẹ̀jẹ̀ ti ru. Bí ó bá dé 160 lórí 110, ìtọ́jú pàjáwìrì ni ó kàn, nítorí a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ẹ̀kọ́ kejì ni àyẹ̀wò ìtọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ru lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀ oyún, tí èròjà purotéènì sì wà nínú ìtọ̀, àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní pre-eclampsia ni. Ẹ̀fọ́rí líle, ojú tí ń ṣe bàìbàì àti ìrora ní òkè ikùn jẹ́ àmì pé ó ti ń le. Lẹ́yìn èyí, gìrì lè mú aláboyún náà. Àwọn mìíràn máa ń rò pé iṣẹ́ ọ̀tá ni, wọn a sì fi wákàtí tí ó yẹ kí wọ́n lò nílé ìwòsàn ṣòfò.

Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ni ó ń dènà gìrì náà, òun náà ni a sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Ìwádìí Magpie, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, lo àwọn obìnrin tí ó ju 10,000 lọ ní orílẹ̀-èdè 33. Ó fi hàn pé abẹ́rẹ́ náà ń dín ewu gìrì kù sí ìdajì. Ní ìpínlẹ̀ Kano, ní ọdún 2008, wọ́n kọ́ àwọn dókítà àti agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn mẹ́wàá bí a ti ń lò ó. Láàárín ọdún kan, iye àwọn tí àìsàn náà ń pa dín kù láti nǹkan bí 21 nínú ọgọ́rùn-ún sí nǹkan bí 2.

Gírámù 14 ni àpapọ̀ ìwọ̀n àkọ́kọ́: 4 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, 5 sí ìdí kọ̀ọ̀kan. Bí ilé ìwòsàn ńlá bá jìnnà, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé kí wọ́n fún un ní ìwọ̀n yìí kí wọ́n tó gbé e lọ. Kí wọ́n tó tún un fún un, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ rí i pé ó ń mí tó ìgbà 16 ní ìṣẹ́jú kan, pé orúnkún rẹ̀ ń ta bí a bá lù ú, àti pé ó ń tọ̀ dáadáa. Kí calcium gluconate, tí ó ń pa agbára rẹ̀, wà nítòsí.

Bí gìrì bá mú obìnrin, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má ṣe ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí àwọn olùtọ́jú má sì dẹwọ́ lẹ́yìn ìbímọ, nítorí gìrì ṣì lè wáyé nígbà náà.

Ẹ̀yin aláboyún, nígbàkúùgbà tí ẹ bá lọ fún àyẹ̀wò, ẹ bèèrè iye tí ẹ̀rọ náà fi hàn, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì yín.