Ẹ̀KỌ́: ÀNÍYÀN ÀTI INÚ RÍRUN

Nígbà tí orogún Hánnà ń fín in níràn, kò lè jẹun. Lẹ́yìn àdúrà ó jẹun, ìbànújẹ́ sì kúrò lójú rẹ̀ (1 Sámúẹ́lì 1:7, 18). Iṣan ló so ọpọlọ mọ́ ikùn. Ìdí nìyí tí àníyàn owó ilé ní Festac àti Àmúwò fi lè mú kí inú máa runni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àníyàn nìkan. Ní 1982, dókítà Marshall àti Warren ní Ọsirélíà rí kòkòrò tó ń fa ọgbẹ́ inú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oògùn ọsibítù ń pa á. Nítorí náà, ẹni tí inú ń run léraléra, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ó sì sọ fún dókítà àti wòlíì kí ó tó gbààwẹ̀. Bí ó bá ń bi ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kí ó sáré lọ. Ká máa gbàdúrà lọ́nà.

Olúwa yóò fún wa lálàáfíà. Àmín.