Òwò Orúkọ Ìkànnì: Ẹ̀kọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Ń Wá Owó Kún Owó

ÌFÁÀRÀ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí fi hàn pé orúkọ kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré ní àwùjọ wa. Bí ọmọ bá ń jẹ́ Babátúndé tàbí Abíọ́nà, ohun kan ti ṣẹlẹ̀ kí a tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òwò kan wà lóde òní tí ó jẹ́ pé orúkọ gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Àwọn olówò náà kì í wo ilé rárá. Orúkọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú, wọn a sì máa retí ẹni tí yóò bí ọmọ tí yóò jẹ́ ẹ.

Ríra orúkọ ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì àti títún un tà ni mo ń sọ. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni ó ti gbọ́ nípa rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti fi owó oúnjẹ wọn dán an wò. Èmi náà wà lára wọn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí òwò náà ti rí, ibi tí èrè rẹ̀ ti ń wá, ibi tí èdè Yorùbá ti kàn án, àti ibi tí òfin ti pààlà sí i. N ó fi ìṣirò owó tèmi náà hàn, nítorí pé ẹni tí ó bá sọ èrè òwò tí kò sọ àdánù rẹ̀, kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́.

KÍ NI ORÚKỌ ÌKÀNNÌ?

Gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ó ní nọ́ńbà tí a fi ń dá a mọ̀, gẹ́gẹ́ bí tẹlifóònù ti ní nọ́ńbà. Ó ṣòro fún ènìyàn láti há irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sórí. Ní ọdún 1983 ni ará Amẹ́ríkà kan, Paul Mockapetris, gbé ètò kan kalẹ̀ tí orúkọ fi lè dúró fún nọ́ńbà. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 1985, ilé-iṣẹ́ Symbolics ní Amẹ́ríkà fi orúkọ symbolics.com sílẹ̀, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ nínú gbogbo orúkọ tí ó parí sí .com. Nígbà náà, àwọn tí ó ń gba orúkọ kì í san kọ́bọ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1995 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba dọ́là 100 fún ọdún méjì. Láti ọdún 1998 ni àjọ ICANN ti ń bójú tó ètò orúkọ wọ̀nyí káàkiri àgbáyé. Ní ti Nàìjíríà, .ng ni tiwa, àjọ NiRA ni ó sì ń mójú tó o.

A lè fi orúkọ ìkànnì wé orúkọ ènìyàn nínú agbo ilé. Ohun tí ó tẹ̀lé àmì ìdánudúró náà, bíi com tàbí ng, ni agbo ilé. Ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ ni orúkọ ẹni tí ń gbé ibẹ̀. Ìyàtọ̀ méjì pàtàkì ni ó wà láàárín èyí àti tiwa. Èkínní ni pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè máa jẹ́ Adéṣínà nílẹ̀ Yorùbá láìsí ìjà, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni ó lè jẹ́ ẹ nínú agbo ilé .com. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó ń mú un. Bí kì í bá ṣe ti èyí, òwò náà kì bá tí wáyé.

Èkejì ni pé orúkọ ìkànnì kì í di ti ẹni títí láé. A máa ń sọ pé a 'rà' á, ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní, a ó rí i pé a kàn háyà rẹ̀ ni. A lè san owó ọdún kan, a kò sì lè san ju ti ọdún 10 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọjọ́ bá pé tí ẹni tí ó ni .com kò san owó, ilé-iṣẹ́ tí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lè fún un ní àyè tí ó tó ọjọ́ 45. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ 30 wà tí ó lè fi ìtanràn gbà á padà. Ọjọ́ 5 sí i, orúkọ náà yóò bọ́ sí ìta fún ẹni tí ó bá wù.

IBI TÍ ÈRÈ TI Ń WÁ

Ìtàn àwọn tí ó là ni ó ń fa ènìyàn wọ inú òwò yìí. Wọ́n ra business.com ní dọ́là 150,000 ní ọdún 1997. Ní ọdún 1999 wọ́n tún un tà ní mílíọ̀nù 7.5 dọ́là. Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ kan san mílíọ̀nù 30 dọ́là fún voice.com. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú èyí tí ó sì mọ̀ pé dọ́là 10 sí 20 ni a fi ń gba orúkọ tuntun fún ọdún kan, orí rẹ̀ á wú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ àpẹẹrẹ méjèèjì wò. 'Òwò' ni ìtumọ̀ ti àkọ́kọ́, 'ohùn' ni ti èkejì. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ ni wọ́n. Wọn kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀wẹ̀, àwọn tí ó rà wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe, owó sì wà lọ́wọ́ wọn. Irú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yọ kan bẹ́ẹ̀ ti tán nílẹ̀ kí púpọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ òní tó dáyé. Ohun tí ó ṣẹ́kù fún wa ni ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí a so pọ̀, orúkọ iṣẹ́ tí a fi orúkọ ìlú kún, àti ọ̀rọ̀ tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ṣe òwò náà. Àwọn kan ń gba orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà. Àwọn kan ń ṣọ́ orúkọ tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé, wọn a sì lọ du ú ní gbàǹjo. Àwọn kan ń pàtẹ orúkọ wọn ní ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì bíi Sedo àti Afternic, tí àwọn ọlọ́jà náà yóò gba ìdá kan lára owó tí ó bá wọlé. Bí òǹtà àti òǹrà kò bá mọ ara wọn, alárinà bíi Escrow.com ni yóò gba owó pa mọ́ títí orúkọ yóò fi dé ọwọ́ òǹrà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi orúkọ sílẹ̀ nítorí àwòrán ìwé owó tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí i.

Ọ̀RỌ̀ YORÙBÁ NÍNÚ ỌJÀ YÌÍ

Ibí yìí ni ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa gbọ̀ngbọ̀n. Lẹ́tà a títí dé z, nọ́ńbà 0 títí dé 9, àti àmì ìsopọ̀ nìkan ni ètò orúkọ náà mọ̀, ohun tí ó sì wà láàárín àmì ìdánudúró kan àti èkejì kò gbọdọ̀ ju 63 lọ. Òótọ́ ni pé láti ọdún 2003 ni ọ̀nà ti wà láti lo lẹ́tà tí ó ní àmì lórí tàbí lábẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yóò sọ ọ́ di ohun mìíràn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--, èyí tí kò ṣe é kà fún ọmọ ènìyàn. Nítorí náà, ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà máa ń ṣubú lọ.

Ẹ wo owo. Ó lè jẹ́ owó tí a ń ná, òwò tí a ń ṣe, ọwọ́ tí a fi ń jẹun, ọ̀wọ̀ tí a ń fún àgbà, ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, tàbí ìlú Ọ̀wọ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ru ẹrù mẹ́fà. Mo kọ́kọ́ rò pé àǹfààní ni èyí, pé bí ìtumọ̀ bá ti pọ̀ tó ni òǹrà yóò ti pọ̀ tó. Ojú mi là nígbà tí mo mú okoyiya.com lọ bá ọ̀gá kan tí ó ń fi ọkọ̀ háyà. 'Ọkọ̀ yíyá' ni mo ní lọ́kàn. Bàbá náà wo ìwé tí mo kọ ọ́ sí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọkọ ni o fẹ́ kí n máa yá àwọn obìnrin ni?' Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì bá tèmi lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé bí ohùn bá ti kúrò, ọ̀rọ̀ kejì ni ó gbọ́dọ̀ ti ìtumọ̀ lẹ́yìn. 'Yíyá' lè bá ọkọ̀ lọ, ó sì lè bá ọkọ lọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n asoigbeyawo kò ní ìtumọ̀ méjì lójú ọmọ Yorùbá kankan. Ẹni tí ó bá kọ́ ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ní kíláàsì ní ohun tí yóò lò níhìn-ín.

IBI TÍ ÒFIN TI PÀÀLÀ

Ní ọdún 1994, oníròyìn Joshua Quittner gba mcdonalds.com ní Amẹ́ríkà láti fi han ayé pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń sùn. Ó parí sí pé ilé-iṣẹ́ náà fi owó ta ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ́rẹ fún ètò kọ̀ǹpútà, ó sì fi orúkọ náà sílẹ̀ fún wọn. Ti Dennis Toeppen kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó gba panavision.com ní ọdún 1995, ó ní kí ilé-iṣẹ́ Panavision wá san dọ́là 13,000. Ní ọdún 1998, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a lẹ́bi. Ní ọdún 1999, Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí rẹ̀, ICANN náà sì gbé ìlànà kalẹ̀. Ẹni tí ó bá pe ẹjọ́ lábẹ́ ìlànà náà gbọ́dọ̀ fi ohun mẹ́ta hàn:

(i) pé orúkọ ìkànnì náà jọ àmì òwò òun tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè rú ènìyàn lójú;
(ii) pé ẹni tí ó gbà á kò ní ẹ̀tọ́ kankan sí i;
(iii) pé èrò búburú ni ó fi gbà á, tí ó sì fi ń lò ó.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà kọjá kí a gba orúkọ lọ́wọ́ ènìyàn. Abala 25 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti ọdún 2015 sọ pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ gba orúkọ tàbí àmì òwò tí í ṣe ti ẹlòmíràn, tí ó sì ń lò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ, lè lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí kí ó san owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ, tàbí méjèèjì.

Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ọ̀kan nínú orúkọ tí mo gbà jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tí mo fi 'naija' kún. Inú mi ń dùn pé wọn kò mọ̀. Kò pé oṣù mẹ́rin tí lẹ́tà agbẹjọ́rò fi dé. Mo gbé e lọ fún ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa. Wọ́n kà á, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n bi mí pé, 'Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, ta ni o rò pé yóò ra orúkọ yìí lọ́wọ́ rẹ?' N kò rí ìdáhùn. Ọjọ́ kejì ni mo dá orúkọ náà padà lọ́fẹ̀ẹ́.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè yẹn ni mo fi ń wọn gbogbo orúkọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo láyé ni ó lè rà á, tí ó sì jẹ́ pé tirẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, a kò ṣòwò. A gbé ohun onílé pa mọ́, a wá ń béèrè owó kí a tó gbé e jáde.

ÌṢIRÒ OWÓ MI

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, mo gba orúkọ 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦8,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦96,000. Díẹ̀ nínú owó náà jẹ́ èyí tí ìyá mi fi ránṣẹ́ fún ilé gbígbé. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìjọba tú owó náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí ₦460 ní báńkì ti kọjá ₦1,400 nígbà tí ó fi di oṣù Kejì ọdún 2024. Orúkọ tí mo san ₦8,000 lé di ₦18,000 láti tún háyà. Mo ti dá ọ̀kan padà; mo jẹ́ kí 8 lọ, okoyiya wà lára wọn; mo san ₦54,000 lórí 3 tí ó kù. Owó tí ó ti jáde lọ́wọ́ mi wá di ₦150,000.

Lẹ́tà bí 40 ni mo ti kọ sí àwọn oníṣòwò. Ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Gbági ní Ìbàdàn, mo sì ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ òkè àti léèsì jẹ́ kí n jókòó. Wọ́n bi mí pé, 'Ọmọ mi, bí mo bá rà á, ṣé tèmi ni títí láé?'

Mo ní, 'Rárá o, mà. Ọdọọdún ni ẹ ó máa san owó rẹ̀.'

'Bí ìsọ̀ yìí náà ni?'

'Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń san án lásìkò, ẹnikẹ́ni kò lè lé yín jáde.'

Wọ́n pe ọmọ wọn obìnrin tí ó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Wọ́n ná mi láti ₦250,000 dé ₦180,000. Níwájú wọn ni mo ti gbé asoigbeyawo.com sí orúkọ wọn, níwájú mi náà ni wọ́n sì ti fi owó ránṣẹ́. Àwọn méjì tí ó kù, mo jẹ́ kí wọ́n lọ ní ọdún 2025. Èrè mi fún oṣù 18 jẹ́ ₦30,000, n kò sì tíì yọ owó ọkọ̀ kúrò. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ aládùúgbò ní ìwé nírọ̀lẹ́ yóò pa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌKÁDÌÍ

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe òwò yìí. Ohun tí mo sọ ni pé kì í ṣe tẹ́tẹ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò fẹ́ rìn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ṣe é. Kí ó fi orúkọ kan tàbí méjì bẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi owó ọdún kejì sọ́tọ̀ kí ó tó san ti ọdún kìn-ín-ní. Kí ó jìnnà sí orúkọ olórúkọ. Kí ó ka orúkọ náà sókè láìsí ohùn fún ènìyàn mẹ́ta, kí ó gbọ́ ohun tí wọn yóò pè é.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó wá ẹni tí yóò lo orúkọ rí kí ó tó gbà á. Nígbà tí mo gba orúkọ 12 nínú yàrá mi, n kò mọ ẹnì kan nínú àwọn tí yóò jẹ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọjà Gbági ni mo kọ́kọ́ lọ, tí mo jókòó ti àwọn ìyá aláṣọ tí mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe ọjà wọn, bóyá orúkọ mẹ́ta ni ǹ bá gbà, tí ǹ bá sì ta méjì. Ọ̀nà kan náà ni àwọn bàbá wa ti là sílẹ̀: ilé ni kí a kọ́kọ́ wò.