Ẹ JẸ́ KÍ TỌKỌTAYA JỌ YAN IBI TÍ WỌN Ó LỌ

Àwọn àgbà ní: àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí kò bá kúrò ní abúlé rẹ̀ rí á máa rò pé bí wọ́n ti ń kọ́lé ní Kétu ni wọ́n ń kọ́ ọ níbi gbogbo, àti pé bí igbó Ṣábẹ̀ẹ́ ti rí ni igbó gbogbo ayé rí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti rìnrìn àjò. A lọ ra ọjà ní Kútọ̀nú, a lọ sìnkú ní Àjàṣẹ́, a lọ kí ọmọ wa tó bímọ ní Lomé. Ìrìn àjò tí ẹ̀kọ́ òní dá lé lórí yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí. Òun ni èyí tí ọkọ àti ìyàwó jọ lọ láti fi ojú ara wọn rí àṣà àwọn ẹlòmíràn àti iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run: òkè, igbó, omi àti ẹranko. Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ tọ́ sí. Tọkọtaya tó ti tọ́ ọmọ, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀, ó tọ́ sí àwọn náà.

Ṣùgbọ́n owó àjọ ọdún méjì lè tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá yan ibi tí kò yẹ, owó á lọ, ìjà á sì bá yín wọlé. Ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ènìyàn fi ń ṣeré bí ó bá lọ síbẹ̀ lásìkò yìí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́ bí a ti ń yan ibi.

1. Kí olúkúlùkù kọ ohun tí ó fẹ́

Kí ẹ tó dárúkọ ìlú kankan, kí ọkọ mú ìwé tirẹ̀, kí ìyàwó náà mú tirẹ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ohun mẹ́ta tí ó fẹ́ rí. Ẹ má wo ìwé ara yín títí ẹ ó fi kọ ọ́ tán. Ìdí rẹ̀ nìyí: nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọkọ ni í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìyàwó á sì ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni." Ìgbà tí wọ́n bá dé ọ̀nà ni ohun tó wà nínú ìyàwó á tó jáde. Ìwé ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹnu kò lè sọ, ọwọ́ lè kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi tọkọtaya kan ní Kétu ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ jẹ́ àgbẹ̀, ìyàwó ń ta aṣọ. Ọkọ kọ: igbó ńlá, ẹranko, igi tó ga. Ìyàwó kọ: ilé àtijọ́, ọdún ìbílẹ̀, ibi tí wọ́n kó àwọn ẹrú sí kí wọ́n tó kó wọn kọjá òkun.

Ẹ ò rí i pé ohun tí wọ́n fẹ́ kò bára mu? Síbẹ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ń wá ni ibi tí àṣà àti igbó ti sún mọ́ ara wọn, kí ẹnì kan má baà máa tẹ̀ lé ẹnì kejì lásán.

2. Ìbéèrè márùn-ún

Ibi yòówù tí ọkàn yín bá lọ sí, ẹ bèèrè ohun márùn-ún nípa rẹ̀:

Èkíní, àlàáfíà. Ǹjẹ́ ogun tàbí àwọn ajínigbé wà níbẹ̀?
Èkejì, ìwé. Ìwé wo ni wọn ó bèèrè lọ́wọ́ wa ní bodè?
Ẹ̀kẹta, owó. Èló ni a ó ná, èló ni yóò sì kù sílé?
Ẹ̀kẹrin, àsìkò. Ṣé ìgbà òjò ni àbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ǹjẹ́ wọ́n ń ṣọdún kan níbẹ̀ nígbà náà?
Ẹ̀karùn-ún, èdè. Ta ni yóò bá wa túmọ̀?

Àlàáfíà ló ṣáájú. Bí ìdáhùn ìbéèrè yẹn bá burú, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ìyókù.

3. Ibi mẹ́ta tí wọ́n gbé yẹ̀ wò

Òkè Àtàkórà. Ọkọ ló dárúkọ ibẹ̀. Ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, ní apá Natitingou àti Boukoumbé, títí wọ ilẹ̀ Tógò ní apá Kandé, ni àwọn Batammariba ń gbé. Amọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ilé wọn, ilé náà sì dà bí odi kékeré. Ẹran ọ̀sìn ń sùn nísàlẹ̀, ènìyàn ń sùn lókè, àká ọkà sì wà lókè níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ń pe ilé náà ní tata. Àwọn onílé fúnra wọn ń pè é ní takienta. Ilẹ̀ wọn ń jẹ́ Koutammakou. Ní ọdún 2004, UNESCO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ apá ti Tógò sínú ìwé àwọn ibi iyebíye tó jẹ́ ti gbogbo aráyé. Ní ọdún 2023, wọ́n fi apá ti Bẹ̀nẹ̀ kún un.

Ní àríwá ibẹ̀ ni ọgbà ẹranko Pendjari wà, níbi tí erin, kìnnìún àti ẹfọ̀n ń gbé. Èyí gan-an ló wu ọkọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bèèrè ìbéèrè àkọ́kọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n jí arìnrìn àjò méjì ará Faransé gbé nínú ọgbà náà, wọ́n sì pa ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó ń fọ̀nà hàn wọ́n. Láti ìgbà náà, àwọn agbébọn tó ń gba ọ̀nà Burkina Faso wọlé ti ń da àríwá láàmú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n pa ọmọ ogun Bẹ̀nẹ̀ 54 ní apá ọgbà ẹranko W, tí òun náà wà ní àríwá ilẹ̀ wa.

Ẹ má sọ pé àwọn ará ibẹ̀ burú o. Àwọn gan-an ni ìyà náà ń jẹ jù lọ. Ibi tó dára ni Àtàkórà. Àsìkò rẹ̀ ni kò tíì tó. Ẹ fi ọgbà ẹranko náà sílẹ̀ di ọjọ́ tí ìbọn bá dákẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ wo àwọn ilé tata nìkan, kí ó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ìjọba àti ọlọ́pàá bí ọ̀nà ti rí ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an.

Bahia ní Bràsíl. Ìyàwó ló dárúkọ ibẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń sọ. Nígbà òwò ẹrú, wọ́n kó àwọn ọmọ Kétu lọ síbẹ̀. Títí dòní, ní ìlú Salvador, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn òrìṣà ń pe ara wọn ní ìran Ketu, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọrin sí òrìṣà. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n kó lọ tún padà wá sílé. Ara àwọn ni àwọn Àgùdà tí a mọ̀ ní Àjàṣẹ́. Ẹni tó bá wo mọ́sálásí ńlá àtijọ́ tó wà ní Àjàṣẹ́ á rí i pé ó fi ojú jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bràsíl.

Ìlú àtijọ́ tó wà láàárín Salvador ti wà nínú ìwé UNESCO láti ọdún 1985. Bí ènìyàn bá sì kúrò létí òkun, tí ó wọ inú ilẹ̀ lọ ní nǹkan bí kìlómítà 400, á dé Chapada Diamantina, níbi tí òkè àti ihò àpáta wà, tí omi kan tí wọ́n ń pè ní Fumaça sì ń já wálẹ̀ láti ibi tó ga ju mítà 300 lọ.

Àṣà wà níbẹ̀, igbó àti omi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun ńlá ló là wá láàárín. Ọkọ̀ òfuurufú ni ènìyàn ó wọ̀, fún ẹni méjì, ní àlọ àti àbọ̀. Èdè Pọtogí ni wọ́n ń sọ. Ní ti ìwé, ọ́fíìsì aṣojú Bràsíl tó wà ní Kútọ̀nú ni a ó ti lọ bèèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Nígbà tí tọkọtaya wa ṣírò owó ọkọ̀, wọ́n rí i pé ó fẹ́ kó owó aṣọ títà àti owó irúgbìn lọ. Wọn kò pa Bahia rẹ́ nínú ìwé wọn. Wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ó di ọjọ́ iwájú."

Cape Coast ní Gánà. Èyí ni wọ́n jọ rí. Ọkọ̀ ilẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀. Láti Kútọ̀nú ẹ ó gba Lomé dé Accra. Láti Accra dé Cape Coast kò ju nǹkan bí kìlómítà 150. Ilé olódi ńlá kan wà níbẹ̀ létí òkun, èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà òwò ẹrú. Nítòsí rẹ̀ ni Elmina wà, níbi tí àwọn Pọtogí ti kọ́ ilé olódi tiwọn ní ọdún 1482. Nínú ilé méjèèjì, ẹ ó rí yàrá òkùnkùn tí wọ́n ń kó ènìyàn sí kí ọkọ̀ òkun tó dé.

Kí ìyàwó mọ èyí o: ọ̀nà Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì ni wọ́n sábà ń gbà kó àwọn èèyàn tiwa lọ, kì í ṣe ọ̀nà Elmina. Ṣùgbọ́n ìyà kan náà ni, òkun kan náà sì ni.

Ní nǹkan bí kìlómítà 30 sí àríwá Cape Coast ni igbó Kakum wà. Igbó kìjikìji ni. Ní ọdún 1995, wọ́n ṣí afárá okùn àti pákó kan níbẹ̀, tí wọ́n so mọ́ ara àwọn igi ńlá. Afárá méje ni wọ́n so pọ̀. Gígùn gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 350, ibi tó ga jù nínú rẹ̀ sì tó mítà 40 sílẹ̀. Orí igi tí à ń gbójú sókè wò ní Kétu, níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ yín ni yóò wà. Ẹni tí òòyì ń kọ́ níbi gíga, kí ó dúró nísàlẹ̀. Igbó náà dùn wò láti ilẹ̀ pẹ̀lú. Kí ọkọ má sì fi gbogbo ọkàn retí erin. Erin wà nínú igbó náà, ṣùgbọ́n igbó dí, wọn kì í sábà yọjú.

4. Wọ́n gbé Cape Coast lé ìwọ̀n

Ní ti ìwé: láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ òmíràn, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà. Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà tí àkókò rẹ̀ kò tíì kọjá gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́ntọ̀. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra. Ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé yín fúnra yín. Ẹ má dúró dìgbà tí aṣọ́bodè bá kà á fún yín.

Ní ti àsìkò: láti oṣù kẹrin dé oṣù keje ni òjò ńlá ń rọ̀ ní etí òkun Gánà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù keje, àwọn ará Elmina ń ṣe ọdún Bakatue, nígbà tí wọ́n ń ṣí ọ̀sà wọn fún ẹja pípa. Ọdún náà dùn, ṣùgbọ́n òjò lè ba ìrìn inú igbó jẹ́. Ọdún Fetu Afahye ti Cape Coast sì ń bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ti dẹwọ́. Èyí ló bá tọkọtaya wa mu: ìyàwó á rí ọdún, ọkọ á rí igbó. Ohun kan ló kù: àkókò yẹn ni òjò kejì ń bọ̀ ní Kétu. Nítorí náà, ọkọ ní láti ṣètò ẹni tí yóò bá a wo oko. Ibùsùn náà ṣọ̀wọ́n nígbà ọdún. Kí wọ́n wá a sílẹ̀.

Ní ti owó: owó sídì ni wọ́n ń ná ní Gánà, kì í ṣe sẹ́fà. Ilé ìfowópamọ́ ni kí ẹ ti pààrọ̀ owó, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀. Ẹ fa ìlà sínú ìwé yín, kí ẹ kọ owó ọkọ̀, owó ibùsùn, owó oúnjẹ àti owó ìwọlé. Ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ sì fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan kún un fún ohun tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀. Bí owó kò bá tó, ẹ dín ọjọ́ kù. Ẹ má yá owó. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ àti owó irúgbìn kò sí lára owó ìrìn àjò.

Ní ti èdè: Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba Gánà, Fante sì ni àwọn ará Cape Coast ń sọ nílé. Faransé wa kò ní ṣe púpọ̀ níbẹ̀. Bí ọmọ tàbí àbúrò kan bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó kọ gbólóhùn mẹ́wàá sílẹ̀ fún yín: bí a ti ń kíni, bí a ti ń bèèrè ọ̀nà, bí a ti ń bèèrè iye owó. Abèèrè kì í ṣìnà.

5. Bí ẹ bá dé ọ̀hún

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ kí àgbà kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò. Nínú yàrá àwọn ẹrú, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ibi ọ̀fọ̀ ni. Nínú igbó, ẹ má já ewé, ẹ má ju ọ̀rá sílẹ̀. Ní alẹ́, kí ọkọ bi ìyàwó ohun tó wù ú jù lónìí, kí ìyàwó náà bi ọkọ. Ibi jíjìn tí ẹ lọ á di ìtàn tí ẹ jọ ní.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí ọkọ àti ìyàwó fi kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sínú ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀?
2. Nínú ìbéèrè márùn-ún, èwo ló ṣáájú? Kí ni ìdí rẹ̀?
3. Kí ló so Kétu àti Bahia pọ̀?
4. Kí ló dé tí tọkọtaya náà fi yan oṣù kẹsàn-án dípò oṣù keje?
5. Ọjọ́ mélòó ni ọmọ Bẹ̀nẹ̀ lè lò ní Gánà láìgba físà?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Fa ìlà mẹ́ta sínú ìwé rẹ. Kọ orúkọ ibi mẹ́ta tí ìwọ àti ẹnì kejì rẹ fẹ́ lọ. Dáhùn ìbéèrè márùn-ún fún ibi kọ̀ọ̀kan. Mú un wá sí kíláàsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí a jọ kà á.