Agbọ́n Kékeré Tó Gba Ẹ̀gẹ́ Là

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra gàrí àti láfún ní Ọjà Akẹ̀sán, níwájú ààfin Ọ̀yọ́, ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn yìí pọ̀.

Ní 1973, wọ́n rí kòkòrò kan lára ẹ̀gẹ́ ní ilẹ̀ Kóńgò. Ó funfun bí ẹni pé wọ́n da láfún sí i lẹ́yìn. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, bí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò bá a wá. Kò pé ọdún mẹ́wàá tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Orí ẹ̀gẹ́ ni í ti í fa omi mu. Ewé á ká jọ, igi á lọ́, iṣu abẹ́ rẹ̀ kò ní tóbi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló burú jù.

Ṣé kí a fọ́n oògùn ni? Àpò àgbẹ̀ kò gbé e. Àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn, tí Hans Herren, ọmọ Switzerland, ṣáájú wọn, wá ọ̀tá kòkòrò náà lọ sí ibi tó ti wá. Ní 1981, wọ́n rí agbọ́n kan ní Paraguay, tí kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó má baà ṣe ibi. Lọ́dún kan náà, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Agbọ́n yìí á gún kòkòrò funfun náà, á yé ẹyin sínú rẹ̀. Ọmọ á pa, á máa jẹ ẹ́ láti inú. Awọ kòkòrò á le gbagidi. Agbọ́n tuntun á lu ú jáde. Ó tàn dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 20. Ní 1995, Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize.

Ìyá kan ní kíláàsì alẹ́ wa gbé ike oògùn wá. Ó ní, "Tíṣà, kòkòrò fẹ́ pa ilá mi." A bá a dé ìdí ilá. Kòkòrò róbótó pupa, alámì dúdú, ló ń jẹ àwọn kéékèèké tí ń fa omi ewé. A ní, "Màmá, ọdẹ yín lẹ fẹ́ pa yìí o." Oògùn kì í mọ ọdẹ yàtọ̀ sí olè.

A ní kó fi omi fọ àwọn kéékèèké yẹn kúrò níbi tí wọ́n bá ti pọ̀ jù, kó sì jẹ́ kí efinrin etí ọgbà yọ òdòdó. Omi dídùn inú òdòdó ni ọ̀pọ̀ agbọ́n kéékèèké ń mu.

Màmá dá ike náà padà fún ẹni tó yá a. Ewé ilá rẹ̀ ṣì ní ihò díẹ̀, àmọ́ ó ń tà á ní Akẹ̀sán.