Bí Ẹ Bá Kọjá ní Ìkirè, Ẹ Tọ́ Dòdò Wọn Wò

Yorùbá ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ní í sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀pọ̀ wa wí nípa ìpápánu. Èyí tí ìyá wa ń rà fún wa ní kékeré náà la ṣì ń jẹ títí irun fi funfun lórí. Bí a bá wọkọ̀ lọ sí ìlú onílùú, gàlá àti búrẹ́dì tí a ti mọ̀ la ó máa wá kiri, nígbà tí ohun tí wọ́n fi mọ ìlú náà wà lórí àtẹ níwájú wa. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ máa tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà Ìbàdàn sí Iléṣà. Kí ẹ tó dé Gbọ̀ngán, ẹ ó kan Ìkirè, níbi tí wọ́n ti ń ta dòdò tó dúdú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ó jóná ni. Kò jóná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá èyí tí a ń dín nílé ni wọ́n ń lò, èyí tó ti rọ̀ pátápátá, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù. Wọ́n á gún un pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n á sì dín in nínú epo pupa. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti pọ́n tó ni ṣúgà inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ṣúgà náà ló sì ń sọ ọ́ di dúdú nínú epo gbígbóná. Bí ẹ bá gé e jẹ, adùn ni yóò kọ́kọ́ kàn yín lẹ́nu, ata á sì tẹ̀ lé e. Ẹnu tí kò retí méjèèjì pa pọ̀ lè kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n adùn ló ń gbẹ̀yìn ewúro. Ẹ mu omi díẹ̀, ẹ gé e lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ tó dájọ́. Ti ọmọdé gba sùúrù ju bẹ́ẹ̀ lọ: èyí tó tu oúnjẹ dà nù lónìí lè wá fẹ́ràn rẹ̀ bí wọ́n bá ń fún un ní bíńtín nígbà púpọ̀, láìfi ipá ṣe é.

Lẹ́yìn Ifẹ̀ ni Òṣù wà, ìlú àkàrà. Níbẹ̀, ìdí iná ni kí ẹ ti jẹ ẹ́. Àkàrà tí wọ́n dì sínú ọ̀rá láti Òṣù dé Èkó ti pàdánù ohun tó sọ ọ́ di àkàrà Òṣù, nítorí ooru inú ọ̀rá á ti mú kí ara rẹ̀ tó le pẹ́pẹ́ rọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo inú agbada. Bí epo rẹ̀ bá ti ki, tó ń rú èéfín, tó sì ń run imú, ẹ kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, bó ti wù kí òkìkí ìlú náà kàn tó.

Wàrà Ìlọrin ń fẹ́ ìṣọ́ra mìíràn. Omi ewé bọmubọmu ni àwọn obìnrin Fúlàní fi ń mú kí wàrà màlúù dì. Àwọn tó bá jẹ ẹ́ ní funfun bẹ́ẹ̀ máa ń ní kò ní ìtọ́wò kankan, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ẹ rà á láàárọ̀, kí oòrùn tó mú un kan. Nílé, ẹ gé e, ẹ fi iyọ̀ àti ata sí i, kí ẹ wá dín in: kì í yọ́ nínú epo.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Ọmọ Yorùbá tó bá dé Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, á rí àwọn obìnrin aláṣọ funfun tí wọ́n ń dín àkàrà nínú epo pupa. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà tí a bó ni, àlùbọ́sà ni, bíi tiwa, oúnjẹ Ọya sì ni lọ́dọ̀ wọn títí dòní. Ṣùgbọ́n wọ́n á là á láàárín, wọ́n á ki ọbẹ̀ kíki tí wọ́n ń pè ní vatapá, ilá sísè àti edé gbígbẹ sí i. Ẹ má sọ pé wọ́n ti bà á jẹ́. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó lọ ló gbé e dé ibẹ̀, àwọn ọmọ wọn ló sì pa á mọ́. Lọ́dún 2005, ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn aláàkàrà yìí sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014 ń bọ̀, wọ́n jà fún ẹ̀tọ́ láti tajà ní pápá ìṣeré Fonte Nova, wọ́n sì gbà á. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ yẹ kí a jẹ bí àwọn tó ni ín ṣe ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá bi yín bóyá gbígbóná lẹ fẹ́ tàbí tútù, ata ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe iná.

Ẹ̀yin tí ẹ̀pà tàbí edé kì í bá lára mu, abéèrè kì í ṣìnà. Edé, ẹ̀pà àti kajú ló sábà máa ń wà nínú vatapá. Bí ètè bá wú tàbí ọ̀fun bá ń yún yín lẹ́yìn oúnjẹ tuntun, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, ẹ má dúró wo bí yóò ti rí. Ẹ̀pà tó bá sì ti hu, tàbí tó ń korò lẹ́nu, títu ni.

Bí oúnjẹ kan kò bá sì wù yín lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ sọ pé kò bá yín lẹ́nu mu. Ẹ má sọ pé kò dáa lójú ẹni tó jí ní kùtùkùtù láti sè é.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé nílé wa níbí gan-an, ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ róbó, wọn kò mọ àádùn. Bisikíìtì ló kún àpò ìwé wọn. Ẹ̀gúsí lílọ̀ àti ata ni róbó. Àgbàdo yíyan tí a lọ̀, tí a fi epo pupa àti ata pò, ni àádùn. Wọ́n ṣì ń tà wọ́n lọ́jà. Ẹ ra díẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí ẹ sì jókòó ti àwọn ọmọ náà bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́.