Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn: Ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan rí lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ yín

Kò sí oníṣòwò tó máa kó kọ́kọ́rọ́ àpótí owó lé ọmọọṣẹ́ tó dé lánàá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ wọn bá gbé ọjà wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, password kan ṣoṣo ni gbogbo òṣìṣẹ́ máa ń lò. Ẹni tó ń di ẹrù á rí nọ́ńbà fóònù gbogbo oníbàárà, á sì lè yí iye owó ọjà padà. Bí nǹkan bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó ṣe é.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ìkànnì náà máa fi ohun tó kan oníkálukú hàn án, gẹ́gẹ́ bí ipò rẹ̀ bá ṣe rí. WordPress, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ́ ìkànnì, ní ipò márùn-ún nílẹ̀, láti orí Administrator, tó láṣẹ lórí ohun gbogbo, títí dé Subscriber. WooCommerce, tí wọ́n fi ń tajà lórí rẹ̀, fi méjì kún un: Shop manager, tó ń bójú tó ọjà, àti Customer, tó ń rí kìkì ohun tí òun fúnra rẹ̀ rà. Ẹni tó kọ́ ìkànnì yín lè ṣe ipò mìíràn fún ẹni tó ń di ẹrù.

Ẹ ṣọ́ra o! Fífi bọ́tìnì pamọ́ yàtọ̀ sí títi ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá kàn yọ bọ́tìnì kúrò lójú òṣìṣẹ́, ẹni tó bá mọ àdírẹ́sì ojú ewé náà ṣì lè gba ẹ̀yìn wọlé. Kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wádìí ipò èèyàn nígbà gbogbo kó tó gbà fún un. Nínú àkójọ ewu orí ìkànnì tí àjọ OWASP gbé jáde lọ́dún 2021, irú àléébù yìí ló wà ní ipò kìíní.

Nítorí náà, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó san owó iṣẹ́ tán. Àkọ́kọ́, ẹ kọ ohun tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò sílẹ̀, kí ẹ má fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì, ẹ fún oníkálukú ní password tirẹ̀, kí ẹ sì ti ti ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ pa lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀kẹta, ẹ kọ àdírẹ́sì ojú ewé tí wọ́n ti ń yí iye owó padà sílẹ̀, ẹ wá fi orúkọ ẹni tó ń di ẹrù wọlé, kí ẹ tẹ àdírẹ́sì náà. Bó bá ṣí, iṣẹ́ ò tíì parí nìyẹn.